Oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Wá Láti Mú Mi Lọ

                                        Ilé Abílio, Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Souto Velho,
                                        Ẹkùn Bragança,
                                        Portugal.
                                        Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, 2018.

Albertina, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ara ńkọ́? Orúnkún méjèèjì ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé gíga yẹn ní Lisbon láìdúró mí kanlẹ̀ ní àárín ọ̀nà? Graça ọmọ rẹ ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ kékeré tó máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ tí a kì í fi í parí ọ̀rọ̀? Mo gbà á ládùúrà pé koko lara gbogbo yín le. Kábéèjì tí o gbìn sínú ike lójú fèrèsé ńkọ́? Etelvina ní kí n sọ fún ọ pé kábéèjì tí gbòǹgbò rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ojú ló ń bọ́, kì í bọ́ ikùn. Má dá a lóhùn o. O mọ̀ pé bí Etelvina kò bá rí ẹni bú láàárọ̀, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀.

Èmi náà wà, mo sì wà dáadáa. Ọwọ́ òsì mi tó kán nígbà òtútù ti jinná, àfi pé bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi kí ìkùukùu tó ṣú. Ewúrẹ́ Etelvina bí ìbejì. Ọkọ̀ oníbúrẹ́dì ṣì ń fun fèrè ní Ọjọ́rú, àwa díẹ̀ tó kù sì ń tú jáde bí adìẹ tó gbọ́ ìró àgbàdo. Fàdá ṣì ń gbàgbé orúkọ wa, ó ń pe gbogbo wa ní “ìyá”. Kò sì jìnnà sí òótọ́.

Mo mọ̀ pé o ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí gùn, mo sì fẹ́ kí o jókòó tì í, kí o tún un kà bí ó bá wù ọ́. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì tó kọjá yìí, àwọn ọmọ mi wá láti mú mi kúrò nílé.

O mọ bí Ọ́gọ́ọ̀sì ti máa ń rí níbí. Gbogbo ọdún la fi ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara wa lórí òkúta títì, àmọ́ bí oṣù kan yẹn bá ti wọlé, gbogbo ọmọ tó wà ní ilẹ̀ Faransé àti ní Geneva á wọlé dé. Mọ́tò á kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ajá kò ní rí ibi nà sí. Fèrèsé tó ti wà ní títì láti èṣí á ṣí, aṣọ ibùsùn á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, òórùn sadíìnì sísun á gba àdúgbò kan. Àwọn ọ̀dọ́ á máa wá nẹ́tíwọ̀kì kiri. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti rí i lọ́dún yìí ni orí ògiri itẹ́ òkú, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń to ara wọn sí lójoojúmọ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀ dirodiro lókè orí àwọn baba ńlá wọn. Mo bẹ Abílio ọkọ mi níbi tó sùn sí pé kó má bínú, pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló wá kí i, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n wá kí.

Armindo àkọ́bí mi ló kọ́kọ́ dé. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣì ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé, irun orí rẹ̀ sì ti funfun ju tèmi lọ. Ó mú Sylvie ìyàwó rẹ̀ wá, àti Élodie ọmọ wọn tó ti di wúńdíá. Élodie ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta gbígbóná, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ ti kúrú sí i!”

Mo ní, “Èmi kọ́ ni mo kúrú. Ìwọ ni o kọ̀ tí o ò dẹ́kun gíga.”

Lọ́jọ́ kejì ni Odete ọmọbìnrin mi dé láti Geneva. Òun nìkan ló dá wá. Mo bi í pé Marcel ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó wá. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Armindo ń gbé ẹrù rẹ̀ gun òkè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, “Odete, ṣé báńkì lo jà lólè ni, àbí òkúta Geneva lo dì wá? Òkúta ò wọ́n wa níbí o!” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Odete náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò ti inú wá. Mo rí i, mo sì pa á mọ́ sínú.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn dùn, mi ò lè purọ́. A wa ọ̀dùnkún. A dáná sí ààrò búrẹ́dì. Sylvie ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun po ìyẹ̀fun lọ́dún yìí, ó pò ó dáadáa, àmọ́ ó gbàgbé iyọ̀. Armindo bù ú jẹ, ó ní, “Búrẹ́dì aláìsàn rèé.” Ìyàwó rẹ̀ ju aṣọ ìnuwọ́ lù ú lójú. Èmi ti ń jí kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó jí. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Ilé tó dákẹ́ ni mo ń jí sí láti ọdún dé ọdún; bó bá wá di Ọ́gọ́ọ̀sì, mo máa ń fẹ́ jókòó lẹ́bàá iná pẹ̀lú kọfí mi, kí n máa gbọ́ bí wọ́n ti ń hanrun láti yàrá dé yàrá. Kò sí ọlọ́rọ̀ tó jù mí lọ lásìkò yẹn.

Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń da àgbàdo fún àwọn adìẹ mi, Etelvina wá dúró lẹ́nu ọgbà, ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá Armindo,” ó ní, “èyí pupa yẹn, ṣé ó ṣì ń yé ẹyin? Nítorí èmi ò fẹ́ máa bọ́ arúgbó o.”

Mo ní, “Ta ló ní kí o bọ́ ọ?”

“Ṣebí èmi ni n óò máa tọ́jú wọn. Armindo ti bá mi sọ ọ́. Ó ní bí ẹ bá ti ṣe àjọ̀dún Ìyá Wa Màríà tán ni ẹ̀ ń lọ. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo lè wá kó wọn ni.”

“Lọ sí ibo?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Albertina, láti ìgbà tí mo ti mọ Etelvina, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìborùn bo ẹnu, ó ní òun gbé nǹkan kaná, ó sì sá wọlé.

Mo dúró sáàárín àwọn adìẹ. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n wá mú ìwọ náà, bí o ti jókòó sínú mọ́tò Graça, tí o gbé àpò lé itan bí ọmọdé tó ń lọ sílé ìwé, tí o ń wo iwájú ṣánṣán, torí pé bí o bá fi lè bojú wẹ̀yìn, o ò ní lè lọ mọ́. Mi ò ní ó burú. Graça ń tọ́jú rẹ, o sì ti sọ fún mi pé ibẹ̀ ti mọ́ ọ lára. Ṣùgbọ́n wọ́n bi ìwọ léèrè. O fi ẹnu ara rẹ dáhùn. Èmi, kò sẹ́ni tó bi mí. Àwọn adìẹ ti gbọ́, èmi ò tíì gbọ́.

Mo tún ro tiwọn náà. Ìwọ náà gbọ́ nípa ìṣubú mi ní oṣù kìíní: mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí kànga, yìnyín ti bo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí ajá fi gbó tí Etelvina fi jáde. Bí ọmọ bá gbọ́ irú ìyẹn nípa ìyá rẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò sì já, ọmọ burúkú ni. Àwọn ọmọ mi kì í ṣe ọmọ burúkú. Nítorí náà mo pa ẹnu mọ́. Mo ní n óò dúró kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi.

Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n á jókòó síwájú mi, wọ́n á máa sọ Faransé wúyẹ́wúyẹ́, bí mo bá wò wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn. Mi ò gbọ́ Faransé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó wá di ọjọ́ àjọ̀dún Ìyá Wa Màríà. A gbé ère Ìyá Wa yí abúlé ká, Armindo wà lára àwọn tó gbé e léjìká, oòrùn ń ta wá lórí bí ẹ̀gún. Nígbà tí a dé ilé, a tẹ́ tábìlì gígùn sábẹ́ igi àjàrà lẹ́yìnkùlé. Mo ti ki ọmọ ewúrẹ́ sínú ààrò láti òwúrọ̀, pẹ̀lú ọ̀dùnkún tuntun àti aáyù tó pọ̀. Wáìnì wà nílẹ̀. Mo jókòó sí ibi tí Abílio máa ń jókòó sí, ní orí tábìlì. Mo jẹ́ kí oníkálukú bu tirẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu kàn án. Ìgbà náà ni mo ní:

“Armindo, ta ló fi adìẹ mi ta Etelvina lọ́rẹ?”

Armindo wo Odete. Odete wo inú àwo rẹ̀.

“Màmá,” Armindo ní, “ẹ jẹ́ ká jẹun ná.”

“Mo ń jẹun. Ẹnu tí mo fi ń jẹ ẹ́ náà ni mo fi ń bèèrè.”

Élodie, tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, gbé orí sókè. “Adìẹ wo? Ṣé wọ́n jí adìẹ ni?”

“Rárá o,” mo ní. “Ìyá adìẹ ni wọ́n fẹ́ jí.”

Armindo fi fọ́ọ̀kì lélẹ̀. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó fẹ́ jí yín. Mo mọ̀ pé ó yẹ ká ti bá yín sọ ọ́, ẹ̀rù yín ló ń bà wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Orí àkàbà ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí ní oṣù kìíní. Wọ́n ní wọ́n rí ìyá mi lórí yìnyín. Ẹ bi mí bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà yẹn. Màmá, títí dòní, mi ò mọ bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀. Bí ajá yẹn kò bá gbó ńkọ́?”

Odete wá gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Yàrá ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, Màmá. Mo ti kùn ún. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ẹ ò ní ṣe iṣẹ́ kankan.”

“Bí mi ò bá ṣe iṣẹ́ kankan, kí ni n óò máa ṣe?”

“Ẹ ó máa sinmi.”

“Bàbá yín ń sinmi,” mo ní. “Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń gbádùn.”

Sylvie pa ẹ̀rín mọ́ra tì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ní, “Armindo, òótọ́ lo sọ nípa kànga. N ò bá ọ jiyàn. Àmọ́ n kò lọ. Bí mo bá ti ilé yìí, ibo lẹ ó máa wá ní Ọ́gọ́ọ̀sì? Ìwọ wà ní tìrẹ, Odete wà ní tirẹ̀, níbo lẹ ó ti rí ara yín? Élodie tó jókòó yìí, níbo ni yóò ti gbọ́ èdè baba rẹ̀?”

Armindo ní, “Nítorí kí àwa lè ní Ọ́gọ́ọ̀sì, kí ẹ̀yin wá kú ní oṣù kìíní?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, Albertina. Odete sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó dìde, omi lójú. Ó ní, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bùrọ̀dá. Màmá fẹ́ràn òkúta ilé yìí jù mí lọ ni.” Ó wọlé lọ.

Armindo ní àárẹ̀ ló mú un. Sylvie ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n èmi jókòó síbẹ̀, mo ń yí ọ̀rọ̀ náà wò. “Jù mí lọ.” Kò sọ pé “jù wá lọ.”

Lówúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó aṣọ ibùsùn mímọ́ gun òkè lọ sí yàrá Odete. Kò sí níbẹ̀. Bí mo ti fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé, mo rí kóòtù òtútù rẹ̀ tó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, èyí tó nípọn tó dúdú yẹn. Bàtà yìnyín rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àpótí kan ṣí sílẹ̀, ìkòkò kọfí rẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí mo fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo kóòtù. Ta ló ń gbé kóòtù òtútù bọ̀ wá sínú oòrùn Ọ́gọ́ọ̀sì?

Ibi ìfọṣọ abúlé ni mo ti bá a, níbi tí ìwọ àti èmi ti máa ń fọṣọ tí a máa ń fọ orúkọ gbogbo ayé mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà nílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi ń fọ aṣọ, ó ń gbá a mọ́ òkúta bí ẹni pé aṣọ náà ṣẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í. Mo mú etí kejì aṣọ náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Mo ní, “Odete, ìgbà wo ni Marcel lọ?”

Kò bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Ó ní, “Oṣù kejì. Ó ní obìnrin mìíràn. Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.”

“Láti oṣù kejì, o sì ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo pé Marcel ń kí mi?”

“Kí ni ǹ bá sọ? Ẹ̀yin tí ẹ sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pé ọkùnrin tó ń wo dígí tó báyìí, kò ní rí ìyàwó rẹ̀.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ sọ ọ́, Màmá. Lójú Fàdá.”

Albertina, ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. A rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ wa sínú omi. Ìgbà náà ló wá sunkún tó yẹ kó ti sun láti oṣù kejì. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó ní, “Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń tan tẹlifíṣàn kí n tó bọ́ bàtà, kí ohùn lè wà nínú ilé. Mo rò pé bí ẹ bá wá sọ́dọ̀ mi…”

“Pé ẹnì kan á wà tí yóò bi ọ́ bóyá o ti jẹun.”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Ìyẹn ló yẹ kí o sọ lórí tábìlì lánàá,” mo ní, “dípò fèrèsé tó kọjú sí oòrùn. Kóòtù òtútù tí o gbé wá ńkọ́? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ó nu imú rẹ̀. “Mi ò mọ̀. Mo kàn ń kó nǹkan sínú àpótí ni. Nígbà tí mo máa fi ṣẹ́jú, mo ti kó gbogbo ẹ̀.”

“Ọwọ́ rẹ ti mọ̀ kí orí rẹ tó mọ̀ nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Dúró tì mí.”

“Kí gbogbo abúlé máa wò mí pé ọkọ kọ̀ mí sílẹ̀?”

“Abúlé wo? Etelvina àti ewúrẹ́ rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo sì sọ ohun kan fún un tí mo fẹ́ kí ìwọ náà mọ̀, kí o má baà rò pé mo fi ìbànújẹ́ ọmọ mi ṣe ọgbọ́n láti dúró sílé mi. Mo ní, “Mi ò ní kí o wá tọ́jú mi. Mo ní kí o wá sinmi títí o fi máa mọ ohun tó wù ọ́. Bó bá jẹ́ Geneva ló tún wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni n óò bá ọ gbé kóòtù sínú mọ́tò.” Ó ní kí òun ronú sí i. A sá aṣọ, a sì wálé.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Armindo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó jáde, ó gun òkè lọ, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó lọ mú ṣọ́bìrì àti dígà bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹ̀bá kànga bọ̀ wá sí ilé ìdáná. Òógùn bò ó.

Odete lọ bá a. “Bùrọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Mo ń gbẹ́lẹ̀.”

“Mo rí i. Nítorí kí ni?”

“Bí mi ò bá gbẹ́lẹ̀, Geneva ni n óò wa mọ́tò lọ, n óò sì gbẹ́ orí ọkùnrin yẹn.”

Odete dúró wò ó. Ó wọlé lọ wọ bàtà, ó mú ṣọ́bìrì kejì. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ló gbẹ́ ilẹ̀. Sylvie ń kó òkúta. Élodie fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó léròrò han gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ògiri itẹ́ òkú bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Etelvina gbé àga jáde, ó jókòó, ó ń sọ fún Armindo bí yóò ṣe gbẹ́ ẹ, òun tí kò gbẹ́ ihò eku rí. Armindo ra ẹ̀rọ tó ń fa omi àti páìpù nílùú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó ní kí èmi wá ṣí ẹnu ẹ̀rọ nínú ilé ìdáná. Ó tutọ́, ó húkọ́, omi pupa jáde, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo gbé ife sábẹ́ rẹ̀, mo mu ún. Omi kànga wa náà ni, kò sọ adùn rẹ̀ nù.

Armindo ní, “Màmá, láti òní, ẹ ò gbọdọ̀ dé ìdí kànga nígbà yìnyín mọ́. Fóònù yóò sì máa wà lọ́rùn yín, kì í ṣe nínú àpótí ìyẹ̀fun.”

Mo gbà fún un. Ẹni tó ń jà fún ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ tún máa jà fún kànga. Fóònù náà wà lọ́rùn mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń lù mí láyà bí agogo ọrùn màlúù. Etelvina ní bí mo bá sọnù ní pápá, wọn yóò tètè rí mi.

Odete sọ ìpinnu rẹ̀ lórí tábìlì, lójú gbogbo wa. Ó ní òun yóò dúró títí èso castanha yóò fi já bọ́ lórí igi ní oṣù kẹwàá tí a ó fi ṣà á tán, bóyá títí di Kérésì, lẹ́yìn náà òun yóò mọ̀. Armindo kọ́ ni inú rẹ̀ dùn jù. Ó sọ fún mi ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò:

“Ẹ ṣẹ́gun, Màmá.”

“Kì í ṣe ogun.”

“Títí di Àjíǹde ni mo fún yín. Bí Odete bá padà sí Geneva, a óò tún ọ̀rọ̀ yìí sọ.”

“A óò sọ ọ́,” mo ní. “Ṣùgbọ́n ojú mi ni ẹ ó ti sọ ọ́.”

“Ojú yín ni.” Ó tẹ̀ ba, ó gbé orí lé mi léjìká fún ìgbà díẹ̀. Ọmọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ewú lórí. Mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní kó rọra máa wakọ̀, kó má gba ojú ọ̀nà Spéìn lọ́sàn-án gangan.

Wọ́n lọ. Élodie ń juwọ́ láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn títí wọ́n fi yí kọ́nà.

Kí n má sọ fún ọ pé gbogbo nǹkan ti dùn bí oyin. Ọjọ́ mìíràn wà tí Odete kì í sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ti yí ipò gbogbo ìkòkò mi padà, n kò rí ìgbákọ̀ mi mọ́. Ó ní iyọ̀ mi pọ̀ jù, mo ní kó lọ jẹ búrẹ́dì Sylvie. Lánàá a jà lórí fèrèsé, bóyá kó ṣí tàbí kó wà ní títì. Mo gbádùn ìjà náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sùn bí ọmọ tuntun.

Albertina, bí orúnkún rẹ bá gbà, wá bá wa ṣa castanha. Má fi ìpè mi ṣe àwàdà. Graça lè gbé ọ wọ bọ́ọ̀sì ní Lisbon, Odete yóò wá pàdé rẹ ní Bragança. Kì í ṣe pé kí o kúrò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ. Kí o kàn wá jókòó, kí a tún fọ orúkọ àwọn èèyàn mọ́ aṣọ.

Ohun kan ló kù. Lọ́dọọdún, bí mọ́tò ìkẹyìn bá ti lọ, mo máa ń mú ìgbálẹ̀ gun òkè. Mo máa ń ká aṣọ ibùsùn, mo máa ń ti fèrèsé onígi, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá òkè, tí mo sì ń fi í kọ́ ìṣó lẹ́nu àtẹ̀gùn di ọdún mìíràn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọjọ́ yẹn ló nira fún mi jù nínú ọdún, ju oṣù kìíní lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Armindo lọ, ẹsẹ̀ mi gbé mi gòkè bó ṣe máa ń ṣe, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Odete ń sùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ síta lábẹ́ aṣọ bó ṣe máa ń yọ ọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo pa ilẹ̀kùn dé wẹ́rẹ́, mo sọ̀kalẹ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, mo sì sọ ọ́ sínú agolo tí mo ń kó àwọn kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́ sí.

Bá mi kí Graça àti ọkọ rẹ̀. Sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ pé bó bá jẹ́ kí a parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ kan, n óò fi ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ránṣẹ́ sí i. Odete ń kí ọ. Etelvina náà ń kí ọ, ó sì ní kí o má gbàgbé ọ̀rọ̀ òun lórí kábéèjì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ilé rẹ̀ ń retí rẹ,

Deolinda.